Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther àti Títú Gbólóhùn Èdè Wa

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa lọ kọ́ àwọn ọmọdé fún ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́, ọmọbìnrin kékeré kan nínú kíláàsì mi kọ gbólóhùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa ìyá rẹ̀ tí ó lọ sí ọjà Ifọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà pé, lẹ́tà rẹ̀ sì gún régé, ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí ó kọ she, he ni ó kọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ ṣe di ọkùnrin lójijì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ilà pupa sí i, mo sì bá ọmọ náà wí pé kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ojú sì ń tì mí. Ọmọ náà fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gidigidi. Èdè ìyá rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó, ni àwa ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́ àti fún òkúta. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni ó ṣáájú gbogbo ọmọ Yorùbá ní títẹ ìwé gírámà èdè wa jáde. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù, a sì mọ̀ pé a kó o lẹ́rú rí. Díẹ̀ ni ó rántí pé olùkọ́ ni, àti pé ìjàkadì rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń mú wa làágùn nínú yàrá ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ. Kí àwọn olùkọ́ wa sì dárí jì mí níbi tí mo bá ti ṣì í sọ.

Ní Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807. Orúkọ rẹ̀ fi bí ó ṣe wáyé hàn, nítorí ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ jáde láti inú ìyá rẹ̀ ni à ń sọ ní Àjàyí. Ní ọdún 1821 ogun kó Òṣogùn. A mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, a sì yà wọ́n nípá. A fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin lẹ́ẹ̀kan. A tún fi í pààrọ̀ tábà àti ọtí. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ọjà dé ọjà, ó dé Èkó, níbi tí àwọn ará Potogí ti rà á. Mo máa ń rò ó pé ní ojú ọ̀nà ìbànújẹ́ yìí ni etí rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà kì í dún bákan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Ní Sàró, èdè pọ̀ bí iyanrìn. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹrú wá láti gbogbo etí òkun Áfíríkà, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ń pè ní Àkú, nítorí ìkíni wa tí kò lè ṣe kí ó má ní ẹ kú nínú. A mú Àjàyí lọ sí abúlé Bathurst láti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. A sọ pé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gan-an, ó tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ láti ra káàdì a-b-d tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther. Ní ọdún 1826 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó sì padà, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní ọdún 1827, òun sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní àwọn abúlé, ó sì padà wá kọ́ni ní Fourah Bay fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí. Fourah Bay kì í ṣe ibi tí ó jìnnà sí àwa ará Ọ̀wọ̀ bí a ti rò. Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1943, ó gba oyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, nígbà tí ó sì di ọdún 1947 ó ti ń ṣe olórí Imade College ní ìlú wa. Orísun tí Àjàyí mu nínú rẹ̀ ni omi tirẹ̀ náà ti wá.

Ní ìgbà ayé Crowther, gírámà tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun rírọrùn. Ìwé Lindley Murray, tí ó jáde ní ọdún 1795, ni ó gbajúmọ̀ jù lọ, ìlànà èdè Látìnì ni a sì fi wọn èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti tú gbólóhùn palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹran ìgbẹ́: èyí ni olùwà, èyí ni ọ̀rọ̀ ìṣe, èyí ni àbọ̀, èyí jẹ́ akọ, èyí jẹ́ abo, èyí jẹ́ ẹyọ kan, èyí jẹ́ púpọ̀. Crowther kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, ó sì fi kún un pẹ̀lú Látìnì àti Gíríìkì. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé kò dá ọ̀bẹ náà padà sínú àkọ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ó kọjú rẹ̀ sí èdè Òṣogùn.

Ọdún 1841 ni ọ̀nà là fún un. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta lọ sí odò Ọya, Crowther sì bá àlùfáà J. F. Schön, ará Jámánì tí ó mọ èdè Haúsá, lọ. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó ìrìnàjò náà, wọ́n sì padà láìṣe ohun tí wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba sí àwọn tí ó padà pé kò sí ẹni tí ó lè bá àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí sọ ohun tí ó jinlẹ̀ bí kò bá gbọ́ èdè wọn, àti pé ọmọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Schön kọ̀wé nípa Crowther sí àwọn C.M.S.; wọ́n pè é wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé ní Islington, ó sì gba oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún yìí kan náà ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìpilẹ̀ gírámà èdè Yorùbá níwájú rẹ̀.

Àwọn orúkọ tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀yà ọ̀rọ̀ ni Crowther lò, nítorí kò sí òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọn èdè wa yóò rí i pé ó kúrú níhìn-ín, ó sì gùn lọ́hùn-ún. Níbo ni yóò fi akọ àti abo sí nínú ó? Kí ni yóò ṣe pẹ̀lú lọ, tí kì í yí padà rárá, ìbáà ṣe àná, ìbáà ṣe òní, tí ó jẹ́ pé ti, ń àti yóò ni ó ń ru ẹrù àkókò fún un? Ẹ wo bring, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a bá sọ pé ó mú ìwé wá, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni ó pín iṣẹ́ náà, àbọ̀ sì jókòó láàárín wọn bí ọmọ láàárín bàbá àti ìyá. Ẹ tún wo bàjẹ́: a ba iṣẹ́ jẹ́, ọ̀rọ̀ náà là sí méjì kí iṣẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rí lè má ṣàkíyèsí nǹkan wọ̀nyí títí yóò fi kú, bí a kì í ti í ṣàkíyèsí mímí wa. Ní èrò tèmi, èyí ni èrè tí ó tóbi jù tí Crowther rí nínú gírámà àjèjì: ó fún un ní ibi tí ó lè dúró sí láti wo tirẹ̀.

Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì ti rí Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n. Mo fi ẹkún ọjọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ohun tí ó kan ìtàn mi ni pé ó wá wà láàárín àwọn tí ń sọ èdè náà láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gbọ́ ẹjọ́ àti àríyànjiyàn wọn, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ àti òwe sílẹ̀. Bí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan fún ìtumọ̀ Bíbélì, kò ní sáré dá a sílẹ̀ láti orí ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti lọ wá a. Ìtumọ̀ Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850.

Ní ọdún 1852 ìwé gírámà rẹ̀ tún jáde, ó ti tóbi sí i, ó ti dàgbà, òwe sì kún inú rẹ̀. O. E. Vidal, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù Sàró, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé yìí ni Crowther ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láti fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ hàn, nítorí ó mọ̀ pé bí a bá kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìsí àmì, ọkọ ìyàwó lè di ohun tí a fi ń roko. Ó ṣàkíyèsí ohun mìíràn tí ó ya Vidal lẹ́nu: ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ lè yí fáwẹ́lì rẹ̀ padà kí ó lè bá fáwẹ́lì ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó tẹ̀ lé e rẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbé láàárín àwọn Èkìtì yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, tí wọ́n ń sọ ọ́ lọ níbi tí àwa ń kọ ó lọ. Kò sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè kọ́ Crowther ní ìyẹn. Etí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ.

Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìtumọ̀ Bíbélì tí ó ń pèsè sílẹ̀ fún títẹ̀ jóná, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá láti ìgbà tí ó ti parí ìwé rẹ̀ ìkẹyìn. Ẹni tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti sọnù rí ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò yóò mọ díẹ̀ nínú bí ó ti rí. Kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1864, tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè náà dá lọ́lá, ni ìwé gírámà èdè Nupé tí ó kọ jáde. Ó ti tẹ ìwé kékeré kan ní èdè Ìgbò ṣáájú, ní ọdún 1857. Ní ọdún 1875 ó ṣe alága ìpàdé kan ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ èdè Yorùbá, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ ni a sì ń lò fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Odindi Bíbélì Yorùbá parí ní ọdún 1884.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ korò. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ó dé odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ rẹ̀ ká, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní ọdún 1890 ó sì fi ìgbìmọ̀ tí wọ́n jọ wà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ fi síwájú àwa tí a ó kọ́ni ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìhà Ọ̀sẹ̀. Èdè Ọ̀yọ́ tí Crowther gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó jẹ́ ìpilẹ̀ Yorùbá inú ìwé, kì í ṣe tiwa. Nínú Yorùbá ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó fi u bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé wa ulé ni à ń gbé, uṣu ni a sì ń jẹ. Orúkọ ìlú wa gan-an lẹ́nu àwọn bàbá wa ni Ọ̀ghọ̀, a kò sì rí lẹ́tà fún ohùn àárín rẹ̀ nínú a-b-d tí a ń kọ́ ọmọdé, nítorí náà Ọ̀wọ̀ ni a ń kọ. Ní Ìdó-Àní, àdúgbò kan wà tí èdè ilé wọn kì í ṣe Yorùbá rárá, Ìyàyú ni wọ́n ń sọ, ìbátan èdè Ẹ̀dó. Ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ wá yóò kọ́ Yorùbá ìwé kí ó tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè ilé rẹ̀ yóò sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí olùkọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì rárá. Mo ti padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Mo bèèrè ọmọbìnrin náà, wọ́n ní ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí oko, nítorí àkókò ìkórè ni.