Ìgbésí Ayé Samuel Langley, Ẹni tí ó Sọ Ọkọ̀ Rẹ̀ ní Aerodrome

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn wà tí ẹni tí ó sọ ọ́ kò lè dì mú. Yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì lọ di ti ohun mìíràn. Irú rẹ̀ ni aerodrome, ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ máa ń bá pàdé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Pápá tí ọkọ̀ òfurufú ń sọ̀ kalẹ̀ sí ni a mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní ìṣáájú, ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin kan fi í pè. Ìtàn ọkùnrin náà ni a fẹ́ sọ.

A bí Samuel Pierpont Langley ní ọjọ́ 22 oṣù August, ọdún 1834, ní Roxbury lẹ́bàá ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìwé tí ó ń kà fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1867 a fi í ṣe olórí ilé tí a ti ń wo ìràwọ̀ ní Allegheny, lẹ́bàá Pittsburgh. Owó kò tó níbẹ̀. Nítorí náà ó ń fi ìràwọ̀ mọ wákàtí dájúdájú, ó sì ń fi wáyà tà á fún àwọn oníreluwé, kí agogo wọn lè bára mu. Ní ọdún 1887 ó di akọ̀wé, èyí tí í ṣe olórí, ilé ìmọ̀ Smithsonian ní Washington.

Langley gbàgbọ́ pé ohun tí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ lè fò bí ẹ̀rọ bá ń tì í. Ó ṣe àwọn ọkọ̀ kéékèèké, ó sì wá orúkọ fún wọn nínú èdè Gíríìkì. Aer ni afẹ́fẹ́, dromos sì ni eré sísá. Ohun tí ń sáré nínú afẹ́fẹ́ ni ó fẹ́ kí orúkọ náà túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n dromos tún jẹ́ ibi tí a ti ń sáré, bí ó ti wà nínú hippodrome, tí í ṣe ibi eré ẹṣin. Láti inú ìtumọ̀ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù May, ọdún 1896, Aerodrome karùn-ún fò lókè odò Potomac. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ni ó ń tì í. Ó fò ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, Alexander Graham Bell sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ayọ̀ Langley pọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1898 ilé iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà fún un ní 50,000 dọ́là láti ṣe èyí tí yóò gbé ènìyàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ní agbára ẹṣin 52. Ní ọjọ́ 7 oṣù October, ọdún 1903, a ta ọkọ̀ náà láti orí ilé kan tí ó léfòó lórí omi, ó sì já sínú odò. Ní ọjọ́ 8 oṣù December ó tún já, díẹ̀ ni ó sì kù kí Charles Manly tí ó wà nínú rẹ̀ kú sómi. Àwọn ìwé ìròyìn fi Langley ṣẹ̀sín. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èyí ni Wilbur àti Orville Wright fò ní Kitty Hawk. Langley kú ní ọjọ́ 27 oṣù February, ọdún 1906, kò sì rí ọkọ̀ ńlá rẹ̀ kí ó fò.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ará Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi pe pápá. Ní Hendon ni a ṣí pápá tí a pè ní London Aerodrome. Kò sí ẹni tí ó tún fi í pe ọkọ̀ mọ́. Síbẹ̀ a kò gbàgbé ẹni tí ó sọ ọ́: ní ọdún 1917 a fi orúkọ Langley fúnra rẹ̀ pe pápá ọkọ̀ òfurufú kan ní Virginia. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di pápá, orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú sì di ti pápá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ń kọ́ ọmọdé ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè pẹ̀lú, ta ni ó sọ ọ́, àti nígbà wo. Ẹnu àwọn tí ń lò ó ni ìtumọ̀ ń gbé.