Harvey Wiley: Ọkùnrin tó fi májèlé bọ́ èèyàn kí òfin oúnjẹ lè dé

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900, oúnjẹ ọjà ti ń di ọ̀tá ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ta mílíìkì ń da fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú sí i kó má baà tètè bàjẹ́. Àwọn mìíràn ń fi bórásì sí ẹran àti bọ́tà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ta omi ṣúgà lórúkọ oyin. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó lè dá wọn lẹ́kun. Dókítà Harvey Washington Wiley ló gbé ọ̀rọ̀ náà kanrí.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, ọdún 1844 ni wọ́n bí i sínú ìdílé àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ó gboyè ìṣègùn lọ́dún 1871, ó tún kàwé sí i ní Harvard, kó tó di olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Purdue lọ́dún 1874. Lọ́dún 1883, ó di ọ̀gá àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ní Washington.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń pariwo, àmọ́ àwọn olówó tó ń ṣe oúnjẹ inú agolo ń ti ọwọ́ bọ àbádòfin rẹ̀ lójú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Èyí ló mú kó wá ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè jiyàn rẹ̀.

Lọ́dún 1902, ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjìlá tó yọ̀ǹda ara wọn jọ sí yàrá ìjẹun kan nínú ọgbà iléeṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹun, àmọ́ kẹ́míkà wà níbẹ̀. Bórásì ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, wọ́n sì tún dán fọ́málìn wò nígbà tó yá. Orí ń fọ́ wọn, inú ń run wọ́n, oúnjẹ kò sì wù wọ́n jẹ mọ́. Àwọn oníròyìn sọ wọ́n ní ikọ̀ ajẹmájèlé, ni òkìkí wọn bá kàn káàkiri.

Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìwé tí Upton Sinclair kọ nípa ilé ìpẹran Chicago tún jáde lọ́dún 1906, ara kò gba ìlú mọ́. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Theodore Roosevelt bu ọwọ́ lu òfin oúnjẹ àti oògùn.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ àáké náà rí tirẹ̀ wí. Wiley bá Roosevelt fúnra rẹ̀ jiyàn lórí ṣúgà àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní saccharin. Ó gbé Coca-Cola lọ sílé ẹjọ́. Kì í ṣe gbogbo àríyànjiyàn ló borí: sodium benzoate tó ní kí wọ́n fòfin dè ṣì wà nínú oúnjẹ títí di òní. Lọ́dún 1912, ìjà inú iléeṣẹ́ sú u, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ ń yẹ ọjà wò fún ìwé ìròyìn Good Housekeeping.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1930 ló kú lẹ́ni ọdún 85, ọjọ́ tí òfin náà pé ọdún 24 gẹ́lẹ́. Ẹ̀ka tó fi sílẹ̀ ló di FDA, tó ń ṣe ní Amẹ́ríkà irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1956, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáńpù. Wiley ti lọ, òfin rẹ̀ kò bá a lọ.