Virginia Satir

Virginia Satir (ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1916 – ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1988) jẹ́ olùgbaninímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú Neillsville ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti bí i. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́.

Ní ọdún 1951 ó ń tọ́jú ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Ara rẹ̀ ti ń yá nígbà tí ìyá rẹ̀ fi ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ Satir pé ó ń gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Satir ní kí ìyá náà máa bọ̀. Bí ó ti wọlé, ọmọ tún padà sí ipò àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó pe bàbá, ó sì pe ọmọkùnrin wọn. Nígbà náà, èèwọ̀ ni lójú ọ̀pọ̀ oníṣègùn ọpọlọ láti bá ẹbí aláìsàn jókòó.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹbí ni ó ń tọ́jú pọ̀, àtàwọn ọmọdé. Nígbà mìíràn a ní kí wọ́n dìde, kí ẹnì kan kúnlẹ̀, kí èkejì na ìka sí i, kí wọ́n lè fojú rí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. Ní ọdún 1959 ó dara pọ̀ mọ́ Don Jackson ní Mental Research Institute, Palo Alto. Ìwé rẹ̀ Conjoint Family Therapy jáde ní ọdún 1964. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á ní California.