Ojeikere: Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Ṣùkú Tú

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkòtún, ẹ ó rí àwọn onídìrí lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Wọ́n a máa lẹ fótò aláwọ̀ mèremère mọ́ ara ìsọ̀ wọn, kí oníbàárà lè nàka sí irun tó wù ú. Tí òjò àti oòrùn bá ti pa fótò náà, á ṣá, wọ́n á sì ya á dànù. Irun fúnra rẹ̀ kì í sábà pẹ́ lórí kí wọ́n tó tú u. Ọkùnrin kan wà tí kò fẹ́ kí irú ẹwà bẹ́ẹ̀ ṣègbé. J. D. 'Okhai Ojeikere ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Emai, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie kan, aládùúgbò rẹ̀ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó kọ lẹ́tà léraléra sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, títí wọ́n fi gbà á ní 1954 láti máa ṣèrànwọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ fótò. Ní 1961 ó di ayafótò ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV. Ní 1963 ó wá sí Èkó láti ṣiṣẹ́ ní West Africa Publicity.

Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin tó bá pàdé lójú pópó, níbi iṣẹ́ àti lóde àríyá. Nígbà tó fi di 1975, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù fótò tirẹ̀ ní Kétu. Irun tó yà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ó sì tọ́jú orúkọ wọn: onílé gogoro, kòròbà, abẹ̀bẹ̀.

Dúdú àti funfun ló fi yà wọ́n. Ní 1976, nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́, Museum of Modern Art ní New York pàtẹ fótò aláwọ̀ William Eggleston: ilé, mọ́tò àti ẹ̀gbẹ́ títì gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn alámèyítọ́ kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé nǹkan yẹpẹrẹ ló ń yà. Àwọ̀ ni Eggleston fi mú wa tún ojú wo ohun tí a ti ń wò kọjá. Ojeikere yọ àwọ̀ kúrò ní tirẹ̀. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, kí ojú wa lè tẹ̀ lé ìlà irun àti òwú bí ẹni ń wo iṣẹ́ ọnà agbẹ́gilére.

Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù níbẹ̀. Orúkọ irun ló wà nínú àkọlé, kì í ṣe ti obìnrin tó gbé e sórí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti onídìrí.

Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 2000 àti ní Venice ní 2013. Ó di olóògbé ní February 2, 2014.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tún ń gba Ìgándò kọjá, ẹ wo fótò ara ìsọ̀ yẹn kí òjò tó fọ̀ ọ́. Ẹ bèèrè orúkọ irun náà, kí ẹ sì bèèrè orúkọ ẹni tó dì í.