J. P. L. Davies àti Igi Abẹ́ Ibòji

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Òkun, ìbáà ṣe ní Kàbà, ní Ìjùmú tàbí ní Yàgbà, yóò rí igi kòkó lábẹ́ ibòji àwọn igi ńláńlá. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ń bá bàbá rẹ̀ ká kòkó níbẹ̀ lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni igi náà ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjèjì ni kòkó. Igbó Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi sùúrù tọ́ ọ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ni James Pinson Labulo Davies.

Ní Sàró ni a bí Davies ní ọdún 1828. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Lẹ́yìn tí ó kàwé tán, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fara gbọgbẹ́ nínú ogun Èkó ní ọdún 1851. Lẹ́yìn èyí ó di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ó sì fi Èkó ṣe ibùgbé ní ọdún 1856. Òwò gbè é gidigidi. Nígbà tí a dá ilé-ìwé gíga CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, òun ni ó fi £50 sílẹ̀ láti ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọdún 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton. Sarah yìí ni àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì mú lẹ́rú ní kékeré ní Òkè-Ọdàn, tí Ọbabìnrin Victoria sì gbà láti tọ́.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1870, gbèsè wọ Davies lọ́rùn, òwò rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Àìsàn ikọ́ tún dé bá aya rẹ̀. Erékùṣù Madeira tí ó lọ láti wá ìwòsàn ni ó kú sí ní ọdún 1880.

Ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó pàdánù ọrọ̀ àti aya, ìbá jókòó kí ó káwọ́ gbera. Davies kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1879 sí 1880 ni ó gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ kan tí ó ti Brazil wá àti láti erékùṣù Fernando Po, tí ó ń jẹ́ Bioko lónìí. Ó sì dá oko sí Ijon, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó.

Kòkó kì í ṣe ohun ọ̀gbìn fún oníwàdùwàdù. Bí irúgbìn rẹ̀ bá gbẹ, kò ní hù mọ́. Bí oòrùn líle bá pa ọmọ igi náà, ewé rẹ̀ á jó. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ṣíji bò ó, tí ó sì ń dá àwọn igi ńlá díẹ̀ sí láàárín oko. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún a máa kọjá kí ó tó so.

Davies dúró ti oko rẹ̀. Inú oko náà ni ó ri ọwọ̀n òkúta kan mọ́ ní ìrántí aya rẹ̀. Láìpẹ́ àwọn onísòwò Èkó mìíràn, bíi Jacob Kehinde Coker, dá oko kòkó sí Agége. Àwọn alágbàṣe tí ó ti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń mú irúgbìn àti ìmọ̀ padà lọ sí ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe ń tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Davies kú ní ọdún 1906. Òwò tí ó sọ ọ́ di olókìkí ti parẹ́ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀ ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé títí di òní. Nítorí náà, kí ẹni tí ohun tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé bá bàjẹ́ má ṣe rò pé ayé òun ti parí.