Anna Hinderer: Obìnrin tó ń fa àwọn tó ń wá ilé àtijọ́ kiri lọ sí Kúdẹtì

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí Sátidé bá ti dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn yí àárín ìlú Ìbàdàn ká. Fóònù ni wọ́n mú dání, ilé àtijọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á gun òkè Máápó lọ wo gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Wọ́n á dé Òkè Àárẹ̀, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower ti wà láti ọdún 1936. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí Kúdẹtì, sí ọgbà ìjọ Dáfídì Mímọ́, láti lọ wo ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Ìbàdàn. Ọdún 1854 ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n kọ́ ọ. Orúkọ obìnrin kan ni wọ́n sì ń bá níbẹ̀: Anna Hinderer.

Ìlú Hempnall, ní agbègbè Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Anna lóṣù kẹta ọdún 1827. Martin ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Nígbà tó ń dàgbà, ọ̀dọ̀ àlùfáà kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Lowestoft ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ẹ̀kọ́. Láti kékeré ló ti ń sọ pé iṣẹ́ míṣọ́nnárì lòun máa ṣe.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. David ti mọ Ìbàdàn ṣáájú. Ó ti wá síbẹ̀ lọ́dún 1851, ó lo oṣù bíi mélòó kan, àwọn olóyè sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó wá padà sílé láti lọ mú ìyàwó wá. Oṣù kẹrin ọdún 1853 ni tọkọtaya náà wọ Ìbàdàn pa pọ̀. Anna kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó kó sí, ẹ fojú inú wo Ìbàdàn ìgbà yẹn. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀, kò sí réluwéè. Ìlú ogun ni, àwọn jagunjagun ló ń darí rẹ̀. Baálẹ̀ Olúgbóde ló wà lórí oyè, Ìbíkúnlé ni Balógun, Ògúnmọ́lá sì ń gòkè bọ̀. Ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun pọ̀ nínú ìlú. Ibà sì ń pa àwọn òyìnbó bí ẹni ń pa eṣinṣin. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Anna ti sọ pé òun fẹ́ ṣí ilé ìwé.

Àwọn òbí kò kọ́kọ́ fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún àlejò tí kò mọ̀ rí? Olóyè Olúnlóyò ló kọ́kọ́ fi ọkàn tán wọn. Ó fún wọn ní ọmọ méjì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yéjídé àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínyẹlé. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí ni ìtàn kà sí àkọ́kọ́ tó kàwé nínú ìlú Ìbàdàn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn míì jẹ́ ọmọ tí wọ́n rà padà kúrò lóko ẹrú.

Anna kọ́ èdè Yorùbá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, orin àti aṣọ rírán. Ó gbé dùùrù kékeré kan wá láti òkè òkun, àwọn ará ìlú sì ń ya wá wo ohun tó ń kọrin láìní ẹnu. Ìyá ni àwọn ọmọ ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ, àmọ́ ilé rẹ̀ kò fìgbà kan gbófo.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa o. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í di onígbàgbọ́, àwọn ará ilé wọn gbaná jẹ. Wọ́n na àwọn míì, wọ́n so àwọn míì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sùn àwọn ẹbí ni pé àwọn ọmọ ti kẹ̀yìn sí òrìṣà ìdílé. Lóòótọ́, Anna kò rí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ bí ohun tó ní láárí, bí ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ìgbà náà ṣe rí i nìyẹn. Ẹni tó bá ń ka ìtàn rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú.

Ọdún 1860 ni ìṣòro ńlá dé. Ìbàdàn àti Ìjàyè gbé ìjà kọ ara wọn, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì dúró sẹ́yìn Ìjàyè. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ sí Èkó kò ṣí. Owó kò wọlé, oúnjẹ òyìnbó kò wọlé, lẹ́tà gan-an ṣòro. Tọkọtaya náà ń fi ẹ̀wà díẹ̀ tí wọ́n fi epo pupa àti ata sè gbé ọjọ́. Wọ́n ta àwọn ohun ìlò inú ilé, títí kan agolo òfìfo, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ bọ́ àwọn ọmọ. Obìnrin kan nínú ìlú ló yá wọn lówó nígbà tí nǹkan le tán. Wọ́n lè sá lọ kí ogun tó gbóná, wọn ò lọ. Ọmọ pọ̀ lọ́rùn wọn, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n máa fi wọ́n lé lọ́wọ́.

Ọdún bíi márùn-ún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán Kápútẹ́ẹ̀nì Maxwell wá gba ọ̀nà inú igbó tí ogun kò dí. Òru ló dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Anna ti gbọ́dọ̀ múra, kó dágbére fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì gbé e lọ. David dúró lẹ́yìn títí ó fi rí ẹni tó máa di iṣẹ́ mú, kó tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ ara Anna ti bàjẹ́. Lọ́dún 1869 wọ́n kúrò pátápátá. Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà. Anna kú ní Norfolk ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1870. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé yẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ ká mọ bí Ìbàdàn ìgbà náà ṣe rí láti inú ilé: ọjà, òjò, ààrùn, ayẹyẹ olóyè, ọmọdé tó ń ṣeré.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń rìn kiri ìlú fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ka ìtàn rẹ̀, ògiri Kúdẹtì kì í ṣe ògiri lásán mọ́. Orúkọ rẹ̀ sì fọ́n ká: ìjọ St. Anne ní Mọ́lété, àti ilé ìwé St. Anne tó gba orúkọ yẹn lọ́dún 1950. Yéjídé náà ní tirẹ̀, ilé ìwé Yéjídé Girls' Grammar School. Ojoojúmọ́ ni mọ́tò ń gba ẹ̀gbẹ́ pátákó náà kọjá, tí ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ kékeré kan ni, tí bàbá rẹ̀ fi lé àlejò lọ́wọ́.

Láti Olódò, Ẹgbẹ́dá tàbí Lágelú, ẹni tó bá ti dé Ìwó Road kò jìnnà sí Kúdẹtì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kí àwọn alábòójútó ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kó tó ya fọ́tò, kó má sì gun ohun tó ti gbó. Kó tún bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ilé lè wó, àgbà náà ń lọ. Ohun tí a bá gbọ́ lẹ́nu wọn tí a kọ sílẹ̀ ni yóò kù.