Henry Irving, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí a ó ka ìtàn rẹ̀ lónìí, ohùn ẹnu rẹ̀ ni ó fi jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni akólòlò ni nígbà tí ó wà lọ́mọdé.

John Henry Brodribb ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún 1838 ni wọ́n bí i, ní abúlé Keinton Mandeville. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, ó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ líle, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré ṣíṣe rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, títí ahọ́n rẹ̀ fi tú.

Ní 1856 ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ ní Henry Irving, ó lọ ṣeré ní Sunderland. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ní Dublin, ní 1860, ó gba ipò òṣèré kan tí àwọn ará ìlú fẹ́ràn, wọ́n sì ń hó lé e lórí lálaalẹ́. Kò sá. Ó ń jáde sí wọn títí ariwo náà fi rọlẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 1871, ó ṣe eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú eré náà, onílé èrò kan pa àlejò nítorí wúrà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Lẹ́yìn ọdún 15, ó ń gbọ́ agogo ọrùn ẹṣin àlejò náà, òun nìkan ni ó sì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ba àwọn òǹwòran. Alẹ́ 150 ni wọ́n fi ṣe eré yẹn.

Ṣùgbọ́n alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ilé rẹ̀ tú. Ìdílé rẹ̀ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ sílé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ìyàwó rẹ̀, Florence, tí ó lóyún, bi í bóyá yóò máa sọ ara rẹ̀ di ẹni yẹ̀yẹ́ títí ayé. Irving dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ó le jù.

Ní 1878 ó gba àkóso ilé eré Lyceum, òun àti Ellen Terry sì ń ṣeré níbẹ̀. Láyé àtijọ́, òfin ilẹ̀ wọn ka òṣèré mọ́ àwọn alárìnkiri. Àmọ́ ní 1895, Ọbabìnrin Victoria fi Irving joyè. Kò sí òṣèré kankan tí ó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ní 1898 iná jó ilé tí ó ń kó ohun èlò eré sí. Owó rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kò sì le mọ́, síbẹ̀ ó ń ṣeré. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1905, ó ṣeré tán ní Bradford, ó padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni ó kú sí. Wọ́n sin eérú rẹ̀ sí Westminster Abbey, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ ọba wọn sí.